Ewúrẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Ilé Díákónì Adégbóyè

Mo ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ láyé mi, èmi náà sì ti pa díẹ̀, nítorí náà mo mọ bí irọ́ ṣe ń rí. Èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ojú mi ló ṣe, imú mi sì jẹ́rìí sí i.

Tíṣà ni mí. Ìjọba ló gbé mi láti Ọ̀wọ̀ wá sí Odígbó. Mo gba yàrá kan nílé Díákónì Adégbóyè, àgbẹ̀ oníkòkó, ẹni tó fẹ́ràn ẹran ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe fẹ́ràn ọmọ ìyá wọn lọ. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà lórí oúnjẹ, ojú kan ni bàbá yìí máa ń dì. Èkejì ń ṣọ́ abọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Pásítọ̀ Benson kéde ààwẹ̀ Dáníẹ́lì. Oṣù kan gbáko. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, omi. Edé gan-an ò gbọdọ̀ wọ ọbẹ̀. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìparí ààwẹ̀, wọ́n máa da òróró sí Adégbóyè lórí, kó di alàgbà ìjọ. Ogún ọdún ló ti ń retí oyè yìí. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá fi ẹran kan ẹnu kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àdúgbò wa ló wà nínú ìjọ yẹn. Sàídù alápatà ò rí ẹni tà fún mọ́, ó fi ọ̀bẹ sílé. Odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ibi tó ti ń pa ẹran kọjá, tó máa ń pọ́n tó sì máa ń rùn, bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ó mọ́ títí a fi rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti bàtà Sàídù kan tó ti sọnù tipẹ́. Àwọn igún orí páànù wojú ara wọn, wọ́n ṣí lọ. Ewúrẹ́ wá di ọba. Àárín títì ni wọ́n ń sùn sí, ọlọ́kadà ló ń yà fún wọn. Adìẹ ń wọ ilé ìdáná láìkankùn. Àwa ènìyàn ńkọ́? Ẹ̀wà ti wọ̀ wá lára. Bí àwọn akọrin bá dìde láti kọrin, a kì í mọ ohùn tó ti ọ̀fun wá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ parí nígbà tí bàbá lọ ra oògùn kòkó ní Òrè. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọrin. Ẹni tó ti ń jẹ ẹ̀wà láti ọjọ́ yìí kì í kọrin bẹ́ẹ̀. Màmá Hannah, ìyàwó rẹ̀, gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti yó òun.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán. Afẹ́fẹ́ dúró. Àwọn kòkòrò inú igbó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A gbọ́ pátákò lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó. Kó. Kó. Níbi tó yẹ kí ìkẹrin ti dún, kò sí nǹkan kan.

Ewúrẹ́ pupa kan ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu bàbá. Kì í ṣe ojú o. Ẹnu. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ò sí. Kò sí egbò, kò sí àpá. Irun bo ibẹ̀ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ò hù níbẹ̀ rí. Síbẹ̀ ó dúró ṣinṣin.

Lẹ́yìn náà ni òórùn rẹ̀ dé. Ata. Àlùbọ́sà. Èéfín. Àsun ni ewúrẹ́ yìí ń rùn, òun tó wà láàyè.

Màmá Hannah ní, "Bàbá Hannah, kí ló dé tó ń wò yín?"

"Ìwọ ni kó o bi í."

Ẹ̀rù ń ba bàbá. Ẹnu rẹ̀ sì ń dami. Mo rí i tó ń gbé itọ́ mì.

A bèèrè káàkiri, kò sẹ́ni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbé e sórí ọ̀kadà, ó lọ tú u sílẹ̀ nínú igbó Aráròmí-Obù. Nígbà tí òun àti ọlọ́kadà fi máa padà dé, ewúrẹ́ ti wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Kò tilẹ̀ mí hẹlẹhẹlẹ. Ọlọ́kadà rí i, ó yí ọ̀kadà padà, ó sá lọ láìgba owó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọlọ́kadà Odígbó, ẹ mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó iṣẹ́ ìyanu.

Ni bàbá bá ránṣẹ́ pe Sàídù. Sàídù fi ayọ̀ wá, ó ti pọ́n ọ̀bẹ. Ó gbé ọwọ́ lé ìhà ewúrẹ́ náà. Ó yára gbé e kúrò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀. Ó wo bàbá, ó wo èmi.

"Bàbá, ẹran yìí ti jinná."

Ó kó ọ̀bẹ rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá wá jókòó tì mí níta. Ewúrẹ́ wà láàárín wa bí àlejò.

"Tíṣà, ṣé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lè ba ogún ọdún jẹ́?"

"Ẹsẹ̀ wo ni, Bàbá?"

"Mo kàn ń bi ọ́ ni."

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ ìdúpẹ́, ewúrẹ́ tẹ̀lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kó. Kó. Kó. Ìta ló dúró sí. Èmi náà lọ. Lóòótọ́ ni mò ń bá wọn jẹ ẹ̀wà nílé, ṣùgbọ́n Kátólíìkì ni mí, mi ò gba ààwẹ̀ kankan, ìran ni mo wá wò.

Pásítọ̀ ṣí ìgò òróró. Bàbá kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun. Òórùn àsun gba ẹnu ọ̀nà wọlé, gbogbo ìjọ sì fà á símú lẹ́ẹ̀kan náà. Pásítọ̀ gbé ìgò sókè lórí rẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹ má dà á sí mi lórí. Mo jẹ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan ní Òrè. Mo jẹ ẹ́ kan eegun."

Ó dìde, ó tú ọ̀já oyè díákónì kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó rìn jáde. A yíjú wò ó.

Ìgbà yẹn la rí àgbàlá.

Ó kún. Ewúrẹ́, adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀. Èyí ò ní apá, tọ̀hún ò ní etí, òmíràn ò ní itan. Wọ́n dákẹ́. Ẹnu wa ni wọ́n ń wò. Wọ́n yà fún bàbá, ó kọjá, ewúrẹ́ pupa tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì sì rọra rìn lọ sílé.

Àwọn yòókù ò kúrò. Màlúù ńlá kan wà lẹ́yìn, tí kò ní ẹsẹ̀ iwájú kan. Ó ń wo pẹpẹ tààrà. Pásítọ̀ Benson dé ìgò òróró rẹ̀ pa.

Èmi tí mo wá wòran, adìẹ kan tí kò ní itan dúró ní àtẹ̀gùn, ó tẹjú mọ́ mi. Mo wá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ilé ìjọ yẹn ò ní.

Pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ orin kan sí i."

A kọ ọ́. A kọ òmíràn. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, ohùn wa há, kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tí ìwé orin tán, ó ní ká ṣí i padà sí orin kìíní.