Páálí Òfìfo

"Ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí?" Ohun tí Kílódé bi mí láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ṣé ẹni náà fẹ́ jáde ni àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo ní ọmọ yìí, àwòrán ni, kì í ṣe fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bí i. Kílódé kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ o, ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí nǹkan tí kò ní bi yín pé kí ló dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ilé àwòrán ìlú wa, èmi ni mo mú un wá síbẹ̀ lẹ́yìn omíyalé, nígbà tí iléèwé wọn ò tíì wọlé padà. Omi yẹn mu mí dé ìbàdí nínú ilé náà. Àwọn àwòrán tá a rí yọ, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ la fi ń gbọn ẹrẹ̀ ara wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn. Ṣùgbọ́n omi ti gbé gbogbo ìwé orúkọ lọ. Àwòrán wà, a ò mọ ẹni tó yà á.

Ọ̀gá wa obìnrin wá dá ọgbọ́n kan. Ó ní ká gbé wọn kọ́ bẹ́ẹ̀, ká lẹ páálí òfìfo sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká so pẹ́ńsù mọ́ ọn. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan, kó kọ ọ́. Bí èrò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá nìyẹn, títí kan àwọn tí kò tẹ ibẹ̀ rí láyé wọn. Iwájú ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n máa ń pọ̀ sí jù. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni, ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, bàtà ọkùnrin wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan á ní olè ló wọlé. Ẹlòmíì á ní ọkọ ló sá jáde láìwọ bàtà. Wọ́n á máa jiyàn títí n ó fi gbálẹ̀ dé ẹsẹ̀ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ́ rèé. Ọ̀gá ní ọmọ kan ṣoṣo lòun máa kọ́ níṣẹ́ títún àwòrán ṣe, nínú Kílódé àti ọmọkùnrin kan tóun náà ń bá wa ṣiṣẹ́, tá à ń pè ní Ọmọ Oníbúrẹ́dì. Ẹni tó bá ṣàwárí ayàwòrán jù ló máa mú un. Gbogbo àdúgbò ni Ọmọ Oníbúrẹ́dì ń gbé búrẹ́dì dé, ó ti rí mẹ́rin. Kílódé ò rí ẹyọ kan. Ọmọ yẹn sì ń fi í ṣẹ̀sín: "Ìbéèrè ni wọ́n fi bí ẹ. Ìdáhùn ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì ìbéèrè rẹ̀ nípa ilẹ̀kùn yẹn, mo dé, mo bá páálí ilẹ̀kùn ní kíkún. Orúkọ olóògbé ayàwòrán kan tó lókìkí nílùú ló wà níbẹ̀, pé ilé ìyá rẹ̀ nìyẹn. Kílódé ní àlejò kan ló sọ fún òun. Ọ̀gá gbà á gbọ́, inú èmi náà dùn. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn ò dúró níbẹ̀ mọ́. Wọ́n á ka páálí, wọ́n á kọjá.

Àfi bàbá àgbà kan. Ó dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbọ̀n, mo gbé àga fún un. Ó ní ó jọ ilé òun tí omi gbé lọ, ó sì jọ iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó òun tó ti ṣaláìsí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ orúkọ sí i. Ojú mi ló ti darúgbó." Lọ́la ni ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un lọ sí ìlú mìíràn. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Mo wá ń rò ó fún Kílódé bí ìtàn lásán. Ọmọ náà jókòó gbì. Ó ní kò sí àlejò kankan, òun lòun hùmọ̀ ọ, tóun bá sì jẹ́wọ́, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ó ń wojú mi kí n ní kó dákẹ́. N ò ní parọ́ fún yín, ó kù díẹ̀ kó bọ́ lẹ́nu mi.

Mo ní, "Bàbá yẹn gba páálí gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ìwọ lo sì kọ páálí."

Ó dìde, ó lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá ò jágbe mọ́ ọn. Ó na rọ́bà sí i pé kó pa ohun tó kọ rẹ́ fúnra rẹ̀, kó wá lọ wá bàbá náà. Gbọ̀ngàn iléèwé tí wọ́n kó àwọn tí omi lé nílé sí la ti bá a, ó ń di ẹrù. Kílódé kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá gbé ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ojú mi ò tíì darúgbó nìyẹn." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó bá wa padà. Ó ní kí Kílódé mú pẹ́ńsù. "Káfíńtà ni mí. Ilẹ̀kùn yìí wú, kò tì fún ọdún mọ́kànlá, ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ìyàwó mi pé lọ́la ni n ó tún un ṣe. Ó yà á kó lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò." Kílódé kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, àti orúkọ ìyàwó náà lókè.

Ọmọ Oníbúrẹ́dì ló gba iṣẹ́. Kílódé sunkún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò rẹ̀ ẹ́, torí ohun tó ṣe kì í ṣe kékeré. Ká ní bàbá yẹn ti lọ ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ìtìjú nínú "mi ò mọ̀". Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Páálí òfìfo ń pe ẹni tó mọ̀ ni. Irọ́ tẹ́ ẹ bá fi kún un, ẹnu ẹni náà lẹ fi ń dí.