Ìlẹ̀kùn Tí Thayer Tì Látinú

Ìwọ tí o mú ìwé pélébé yìí dání, bóyá ọtí kì í ṣe ìṣòro tìrẹ. Má tìtorí ìyẹn jù ú nù. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Thayer Lindqvist ní ọgbà àjàrà kan ní ìhà etíkun Kalifóníà. Lóòótọ́, ọtí wà nínú ìtàn yìí, ó tiẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é lọ́ṣẹ́ tí kò ní àtúnṣe.

Oníṣòwò pákó ni Thayer. Baba rẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un, apá rẹ̀ ló fi là. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á ní, "Ọlọ́run tèmi rèé. Ọwọ́ méjì, ìka mẹ́wàá." Àwọn tó wà níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, inú Thayer á sì dùn.

Ó ṣe ni láàánú pé ọwọ́ méjì ọ̀hún kì í dúró jẹ́ẹ́ mọ́ láàárọ̀, àfi bí olówó wọn bá ti mu nǹkan. Marlys, ìyàwó rẹ̀, mọ̀. Ó ti di àṣà nínú ilé wọn pé bí Thayer bá ti wọlé, Marlys á na ọrùn, á gbóòórùn ẹnu rẹ̀, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Thayer ì bá fẹ́ kó bú òun. Èébú ṣeé fèsì sí.

Ní ọjọ́ kan, Marlys sọ̀rọ̀. "Thayer, ó ti sú mi. Ọjọ́ tí mo bá tún gbóòórùn ẹ̀ lẹ́nu ẹ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Oregon ni mò ń lọ."

"Torí ọtí lásánlàsàn? Ọjọ́ tó bá wù mí ni màá fi í sílẹ̀."

"Kí ló wá dé tí kò tíì wù ẹ́ látọjọ́ yìí?"

Thayer ní kí àwọn lọ sinmi níbi tó dákẹ́, kí ara tu àwọn, òun ò sì ní fẹnu kan ọtí. Ẹ wá wo ibi tó mú! Ọgbà àjàrà Hollis Rademaker, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe, ẹni tó ń pọn wáìnì tà, tó sì ní yàrá fún àlejò. Ẹ̀yin ará, ta ló ń sá fún ẹran tó wá lọ sùn nílé alápatà? Ìdí tí Marlys fi gbà ni pé Hollis jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́, kò sì ń mutí. Ó rò pé bóyá á bá òun bá ọkọ òun sọ̀rọ̀. Thayer ní ìdí tirẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín igi gàgàrà. Téèyàn bá débẹ̀, kò sí aládùúgbò nítòsí. Òkun wà lẹ́yìn òkè, wọn kì í rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ọ, kùrukùru rẹ̀ a sì máa gun òkè wá bo ọgbà náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àkókò ìkórè ni wọ́n dé. Hollis fi ẹja yíyan àti búrẹ́dì gbígbóná pàdé wọn.

Thayer kò jẹ́ kí oúnjẹ délẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. "Hollis, ìwọ aládùúrà yìí, ṣé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ mọ̀ pé wáìnì lò ń pọn?"

"Wọ́n mọ̀. Jésù gan-an sọ omi di wáìnì níbi ìgbéyàwó. Kò kàn sọ ẹnikẹ́ni di àgbá ọtí ni."

Marlys rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Thayer náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Hollis mú wọn lọ wo ilé ìpọntí. Táǹkì ńláńlá wà nílẹ̀, àjàrà ń hó nínú wọn bó ṣe ń di wáìnì. Pèpéle pákó kan wà lókè níbi tí wọ́n to àwọn àgbá sí. Hollis fi ọ̀pá gíláàsì fa wáìnì díẹ̀ látinú àgbá kan, ó fi yọ ẹnu, ó sì tu ú sínú garawa. Bí àwọn apọntí ṣe máa ń tọ́ ọ wò nìyẹn. Thayer ń wo garawa yẹn bí ẹni tí wọ́n ń da ogún rẹ̀ nù.

Ilé náà ní ìlẹ̀kùn ńlá kan níwájú àti kékeré kan lẹ́yìn, èyí tí àtẹ̀gùn ti sọ̀kalẹ̀ wọ inú ilé. Méjèèjì ni wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn yìí nígbà ìkórè," Hollis wí. "Bí àjàrà bá ń hó, èémí kan máa ń jáde lára ẹ̀. Èèyàn ò lè rí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí. Tí atẹ́gùn òkun bá ń wọlé, á gbá a jáde. Tí ìlẹ̀kùn bá wà ní títì, á kún ilẹ̀ bí omi, ẹni tó bá rìn wọ inú ẹ̀ á ṣubú kó tó sọ pé ó rẹ òun."

Gbogbo wọn gbọ́. Thayer gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ọwọ́ Thayer ń gbọ̀n débi pé kọfí dà sí i láṣọ. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Hollis wà lórí òkè lọ́dọ̀ àwọn tó ń já àjàrà, Marlys sì ń sùn. Thayer yọ́ wọ ilé ìpọntí lọ. Díẹ̀ báyìí, ó ní, kí ọwọ́ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe gun pèpéle tó fa wáìnì àkọ́kọ́, ó rí i pé láti fèrèsé yàrá àwọn, Marlys lè rí òun gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí yẹn.

Ló bá sọ̀kalẹ̀. Ó tú okùn ìlẹ̀kùn ńlá, ó tì í, ó sì gbé ọ̀pá ìdábùú lé e látinú. Ó fa ti kékeré náà pa dé. Ó ní ọmọdé ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ èémí dẹ́rù bà. Ó padà sókè, ó ń mu ún, kò sì tu ú, títí oorun fi gbé e lọ.

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló jí i nírọ̀lẹ́.

"Thayer? Ṣé ibí lo wà?"

Marlys ti ṣí ìlẹ̀kùn kékeré, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Thayer fẹ́ fèsì, ó rántí ẹnu rẹ̀. Ó rántí Oregon. Ó lúgọ sẹ́yìn àgbá, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ṣé o gbọ́? Ó pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Padà!", ì bá ti tó.

Marlys rìn dé àárín àwọn táǹkì. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó ṣubú lulẹ̀ láìké. Ìlẹ̀kùn kékeré ti rọra padà dé lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà náà ni ọtí dá lójú Thayer. "Marlys! Marlys!" Kò dáhùn. Ó sáré dé orí àtẹ̀gùn pèpéle, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, àyà rẹ̀ há, ojú rẹ̀ ṣú, ó fi ìdí wọ́ padà sókè. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn, Thayer ń wò ó, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Hollis ń gbé àjàrà bọ̀ lórí katakata nígbà tó rí i lókèèrè pé ìlẹ̀kùn ńlá wà ní títì. Kò béèrè nǹkan kan. Ó sáré débẹ̀, ó fi ìkúùkù lù ú. "Ta ló wà nínú ilé yìí?"

"Hollis! Mo wà lórí pèpéle! Marlys ti ṣubú, ó wà nílẹ̀!"

"Má sọ̀kalẹ̀ o! Bó o bá sọ̀kalẹ̀, méjì ni màá sin. Atẹ́gùn ò lè gba ìlẹ̀kùn kékeré wọlé tó, ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ á ṣubú ni. Ọ̀pá ìdábùú yẹn, ṣé ọwọ́ ẹ lè tó o látòkè?"

Etí pèpéle náà kò jìnnà sí ìlẹ̀kùn. Thayer dojú bolẹ̀, ó na apá rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìka rẹ̀ kan ọ̀pá náà. Ọ̀pá tó gbé síbẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan! Ó tì í, kò mì. Ó dì í mú, ó yọ̀ bọ́. Òógùn bò ó, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ méjì, ìka mẹ́wàá, wọn kò lè gbé igi kan ṣoṣo.

"Mi ò lè gbé e!" ó kígbe. "Hollis, mi ò lè gbé e! Ṣàánú mi, wọlé!"

"Ó dáa. Sún sẹ́yìn!"

Thayer gbọ́ ìró katakata tó ń sún sẹ́yìn, ó sì gbọ́ ọ tó ń bọ̀. Ìlẹ̀kùn ya, ọ̀pá dá sí méjì, ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn òkun sì ya wọlé. Hollis sé èémí tirẹ̀, ó sáré wọlé, ó wọ́ Marlys jáde sórí koríko. Òun náà ṣubú síbẹ̀, ó ń wúkọ́.

Hollis fi fóònù pe ilé ìwòsàn, hẹlikọ́pítà ló wá gbé Marlys. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú. Thayer fẹ́ wọlé tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá gbé e gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró síbí." Kùrukùru ti ń gun òkè bọ̀, wọn kò lè dúró bá a jiyàn. Thayer kò lè wakọ̀, ó ti yó. Hollis kò lè wakọ̀, orí ń yí i, àwọn tó ń já àjàrà sì ti ṣíwọ́ lọ sílé. Wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n ń dúró de aládùúgbò tí yóò wá gbé wọn, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn.

"Èmi ni mo tì í," Thayer wí.

"Mo mọ̀."

"Mo rí i tó ń wọlé, Hollis. Mo dákẹ́ kó má bàa mọ̀ pé mo mutí."

Èyí ni Hollis kò mọ̀. Ó yíjú sí i, ó bi í pé, "Ọwọ́ ẹ kan ọ̀pá yẹn, àbí kò kàn án?"

"Ó kàn án."

"Ṣó wù ẹ́ kó o gbé e?"

"Kò sí nǹkan tó wù mí tó o rí láyé mi."

"O sì lè gbé e?"

Thayer mi orí.

"Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ọwọ́ ẹ lo fi ti ara ẹ mọ́lé, ọwọ́ yẹn náà ò sì lè ṣí i. Ẹni tó wà níta ló lè ṣe é. Torí ẹ̀ ni Jésù ṣe wá, tó wọ inú èémí tó ń pa wá, tó sì kú síbẹ̀ nípò wa, kó tó jíǹde. Ohun tó ń retí lọ́dọ̀ ẹ kò ju igbe tó o ké lẹ́ẹ̀kan lọ."

"Tí mo bá gbàdúrà, ṣé Marlys á yè?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Oníṣòwò ni ẹ́, o fẹ́ fi ọkàn ẹ ra ìyàwó ẹ. Ọlọ́run kì í ná ọjà. Gbé ọkàn ẹ fún un torí pé tiẹ̀ ni."

Thayer Lindqvist kúnlẹ̀ láìmọ̀ bóyá ìyàwó òun wà láàyè. Kò mọ àdúrà. Ó ní, "Olúwa, mi ò lè gbé e. Mo ti pa ilé mi. Ṣàánú mi, wọlé." Kùrukùru bo àwọn méjèèjì níbẹ̀.

Marlys lajú ní ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Thayer súnmọ́ ibùsùn, Marlys gbìyànjú láti na ọrùn, kò lè nà án.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu," Thayer wí. "Mo mu. Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn. Mo rí ẹ tó ò ń bọ̀, mo sì dákẹ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ká a mọ́.

Marlys sunkún, ó sì yíjú sí ògiri. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó lọ sí Oregon bó ti wí. Thayer kò bẹ̀bẹ̀ pé kó má lọ. Ó padà sílé lóun nìkan, ó gbé gbogbo ìgò jáde níṣojú àwọn aládùúgbò. Lójoojúmọ́, bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á kúnlẹ̀, á ní, "Olúwa, mi ò lè gbé e." Ọlọ́run sì ń gbé e.

Òtútù lọ, àjàrà Hollis tún rú ewé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Marlys dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá ìlẹ̀kùn àbáwọlé ní ṣíṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú ilé.

"Ṣé òtútù ò ní pa ẹ́ báyìí?"

Thayer dìde. Ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó la ẹnu díẹ̀ kí Marlys lè gbóòórùn rẹ̀ bí ìṣe wọn. Marlys wò ó títí. Kò na ọrùn. Ó gbé àpò rẹ̀ wọlé.

Ó kù sọ́wọ́ ìwọ tó ń kà á. Kí ni ìwọ ń ti ìlẹ̀kùn mọ́? Bóyá obìnrin tí ìyàwó rẹ kò mọ̀ ni, tàbí oògùn tó o rì mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tàbí ìríra tó o di sínú sí ọmọ ìyá rẹ. O ní kò sẹ́ni tó rí ọ. Èémí náà ń kún ilẹ̀ bọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó o fẹ́ràn jù ni yóò kọ́kọ́ ṣubú.

Jésù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kànkùn. Kì í fi katakata já ìlẹ̀kùn ọkàn ẹnikẹ́ni. Bí o bá dákẹ́ bí Thayer ṣe dákẹ́ lẹ́yìn àgbá, yóò dúró síta. Má wí pé ó dọ̀la. Thayer náà ní ọjọ́ tó bá wu òun ni. Na ọwọ́ sí ọ̀pá ìdábùú rẹ níbi tó o jókòó sí yìí, lónìí. Bí kò bá sì ṣeé gbé, ké sí i látinú ibẹ̀ pé apá rẹ kò ká a. Yóò wọlé.