Ẹ̀yin Lẹ Máa Kọ́kọ́ Mu, Bàbá Ọláolú

Mosúnmọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Clinton, lókè òkun, ló ń gbé. Láràárọ̀, òun àti mọ́mì rẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí súkúùlù.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, yìnyín bo ilẹ̀. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe eré o! Bí Mosúnmọ́lá bá lanu, èéfín ní ń jáde. Hàà! Hàà!

Títì ńlá kan wà níwájú súkúùlù. Bàbá Ọláolú ló ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀, kí àwọn ọmọdé lè sọdá. Fèrè wà lẹ́nu rẹ̀. Pátákó pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fíìì! Mọ́tò dúró.

Fíìì! Bọ́ọ̀sì dúró.

Bí Bàbá Ọláolú bá ti gbé pátákó sókè, ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní dúró?

Ṣùgbọ́n lónìí, pátákó náà ń gbọ̀n. Gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ṣé òtútù ń mú yín?"

"Èmi kẹ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Òtútù wo? Ara mi le koko!"

Ara le koko kẹ̀! Ìbọ̀wọ́ Bàbá ti rin gbindin.

Bàbá fọn fèrè. Mosúnmọ́lá àti mọ́mì bọ́ sójú títì. Àfi gbàlà! Pátákó já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá.

Kíííííì! Mọ́tò kan tẹ bíréèkì. Ó kù díẹ̀ báyìí kó kọ lu Mosúnmọ́lá.

Mọ́mì gbá a mọ́ra. Ẹ̀rù ba Mosúnmọ́lá gan-an. Ẹ̀rù ba Bàbá jù ú lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Bàbá wí. "Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti bọ́."

Nọ́ọ̀sì ni mọ́mì. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Òtútù ti mú kí ìka Bàbá kú," ló sọ fún Mosúnmọ́lá. "Ìka bẹ́ẹ̀ kì í mọ nǹkan tó dì mú. Ìbọ̀wọ́ gbígbẹ ló ń fẹ́. Ó sì yẹ kí Bàbá mu nǹkan gbígbóná."

"Èmi ni mo máa fún wọn," ni Mosúnmọ́lá wí.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́mì po ògì sínú fúláàsì. Mosúnmọ́lá mú ìbọ̀wọ́ dádì rẹ̀, èyí tó nípọn, tó sì gbẹ.

Bí wọ́n ṣe dé etí títì, ó pariwo: "Bàbá! Ẹ wá mu ògì!"

"Á gba ibi ire o, ọmọ mi!" ni Bàbá dáhùn. Ó sì juwọ́.

Mosúnmọ́lá dúró. Ó dúró, ó dúró, ó dúró. Bàbá ò wá. Ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Mosúnmọ́lá.

"Mọ́mì, kí ló dé tí wọn ò wá?"

"Wọ́n ti dúpẹ́ nìyẹn," ni mọ́mì wí. "Wọ́n ní kí ohun tá a fẹ́ mu ṣe wá lóore. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń dáhùn nìyẹn, bí ebi tilẹ̀ ń pa wọ́n."

Mosúnmọ́lá yanu. Irú kí lèyí? Ó wo pátákó. Gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n.

"Mi ò ní gbà," ló wí.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun ló jí mọ́mì. Wọ́n dé etí títì kí àwọn ọmọ yòókù tó dé. Mosúnmọ́lá bu ògì sí kọ́ọ̀pù méjì. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀kan fún Bàbá.

"Dìde, dìde! Ìwọ mu ún, ọmọ mi."

Mosúnmọ́lá dìde. Ó ronú díẹ̀.

"Mo fẹ́ mu tèmi, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mu."

"Mu tìrẹ, jàre."

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mu."

"Òtútù á mú ẹ o!"

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mu!"

Eyín Mosúnmọ́lá ń lu ara wọn. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́!

Bàbá yíjú sí mọ́mì. "Ìyá Mosún, bá mi bá ọmọ ẹ sọ̀rọ̀."

"Òótọ́ ló sọ, Bàbá," ni mọ́mì wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ olórí kunkun!" Bàbá gba kọ́ọ̀pù. Fùùù, ó fẹ́ ẹ. Gbùlù, gbùlù, gbùlù, ó mu ún.

Mosúnmọ́lá náà mu tirẹ̀. Gbùlù, gbùlù, gbùlù!

Bàbá bọ́ ìbọ̀wọ́ tútù. Ó wọ èyí tó gbẹ, tí Mosúnmọ́lá mú wá. Ó na ìka, ó ká ìka. Ó tún na ìka.

Bọ́ọ̀sì ńlá kan ń bọ̀. Fíìì! Pátákó lọ sókè. Kò gbọ̀n. Kò gbọ̀n rárá!

Bọ́ọ̀sì dúró jẹ́ẹ́. Láti Mọ́ńdè, àyà Mosúnmọ́lá ti ń já bó bá fẹ́ sọdá. Lónìí, àyà rẹ̀ kò já. Bàbá bá wọn rìn títí wọ́n fi dé òdìkejì.

"Mosúnmọ́lá," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "òtútù ti ń mú mi tipẹ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Bàbá wo fúláàsì tó wà lọ́wọ́ mọ́mì. Ó na kọ́ọ̀pù rẹ̀.

"Ògì yẹn," ló wí, "ṣé ó ṣẹ́ kù?"