Ta Ló Yá A Lóhùn?

Ọjọ́ tí Adéníran kọ́kọ́ tún la ẹnu sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń kólòlò. Bẹ́ẹ̀, kò kólòlò rí láyé ẹ̀. Títílayọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló tẹ Bámikẹ́ ìyàwó Adéníran láago láti ilé wọn ní Ìbà Housing Estate. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ máa bọ̀ o. Bọ̀dá ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn."

Orí pápá gọ́ọ̀fù ni Bámikẹ́ wà. Ó ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Láti ọdún tó kọjá tí ọkọ rẹ̀ ti wọ inú igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà lọ wo ilẹ̀, tí wọ́n sì gbé e jáde bí ẹni tó sùn, kò fọhùn mọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà, ó kàn ń wò wọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ pápá yìí náà ló gbé e wọ igbó. Apá ìparí pápá kọjú sí títì Okokomáìkò, bọ́ọ̀lù sì ń fọ́ gíláàsì mọ́tò àti fèrèsé àwọn onílé. Àwọn onílé bínú, wọ́n wá gbé ẹjọ́ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Adéníran ló ní kí wọ́n yí apá yẹn padà, kó kọjú sí igbó. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ẹgbẹ́ gé koríko síbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn máa fi Sátidé dán an wò kí wọ́n tó dìbò lórí rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, ọjọ́ tí Títílayọ̀ pè yẹn gan-an, ni Taofeek, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, gbá bọ́ọ̀lù tó yà lọ bá àwọn èèyàn. Ó figbe ta, "Fọ̀!" Bí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ṣe ń kìlọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀ nìyẹn, òyìnbó ni, ẹnu tiwa ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Taofeek kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n rò pé ó ń bínú pé wọ́n na òun ni, torí Taofeek kì í gba ìyà gọ́ọ̀fù. Nígbà tó yá ni wọ́n gbọ́ pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Taofeek, akólòlò tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀.

Inú Bámikẹ́ mọ̀, àmọ́ ó ní kí inú òun panu mọ́. Ohun tí èèyàn ti ń bẹ Ọlọ́run fún, èèyàn kì í tètè béèrè ibi tó ti wá.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Lọ́lá tó ní ilé oògùn ló pariwo "Fọ̀!" níbẹ̀. Nígbà tí Bámikẹ́ délé, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ohùn obìnrin, ohùn tín-ín-rín, ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí Bámikẹ́." Bí Lọ́lá ṣe máa ń kí i gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Bámikẹ́ gba ilé Bàbá Ṣọlágbadé lọ, ọmọ bíbí Ìbà, tó jẹ́ pé àwọn bàbá wọn ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

"A máa ń ṣẹ́gi nínú igbó yẹn, àmọ́ a kì í pariwo níbẹ̀. Lẹ́nu àwa àgbà ibí, 'fọ̀' ni 'sọ̀rọ̀'. Ẹ ń pàṣẹ fún ohun tó dákẹ́ pé kó sọ̀rọ̀. Kò sì ní ohùn tirẹ̀. Ẹni tó bá pàṣẹ ló máa yá a lóhùn."

Bámikẹ́ bi wọ́n bóyá ọkọ òun ló ń sọ̀rọ̀ nílé. Bàbá kàn ní kó má jẹ́ kí ẹgbẹ́ yí pápá náà padà, torí bí èrò bá ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ ni igbe á máa pọ̀.

Ó sunkún délé. Bí òun bá ní rárá níbi ìbò, ọkọ òun lè má sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn ta ló kù tí wọn ò ní gbà? Ó pinnu pé rárá ni òun máa sọ.

Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Bámikẹ́ gbá tirẹ̀, ó yà, obìnrin kan tó ru igi ìdáná sì jáde láti inú igbó ní iwájú bọ́ọ̀lù gan-an. Igbe "Fọ̀!" ti bọ́ lẹ́nu Bámikẹ́ kó tó rántí. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́, ó juwọ́ dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Bámikẹ́ wọ ilé ìpàdé, ó jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Inú ọkàn ló ti ń gbàdúrà.

Ààrẹ ẹgbẹ́ ní kí kálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́. Àwọn tó ní kí wọ́n yí i àti àwọn tó kọ̀ wá dọ́gba, ó ku Bámikẹ́ nìkan. Ó dìde. Ó la ẹnu láti sọ pé rárá. Èémí nìkan ló jáde.

Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà Adéníran ni, nọ́ńbà tí kò pè é láti ọdún tó kọjá. Ó sáré gbé e, ó ṣèèṣì tẹ ibi tí ohùn fi ń jáde síta, fóònù sì wà ní ìtòsí ẹnu rẹ̀. Ohùn kan sọ̀rọ̀, ó dún ketekete ju fáànù òkè lọ. Ohùn Bámikẹ́ fúnra rẹ̀ ni.

"Èmi Bámikẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹ yí i padà."

Gbogbo ilé rò pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bámikẹ́ ń mi orí pé rárá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n sì rò pé ayọ̀ ni, pé àlá ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ. Ẹnìkan dì mọ́ ọn. Nínú fóònù, Títílayọ̀ ń sọ̀rọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó wà ní kíṣìnì:

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti dé ni? Mi ò gbọ́ ìgbà tí ẹ wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ohùn Bámikẹ́ dá a lóhùn. "Mo ti dé."