Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nínú Sàúdátù

"Ṣé ara ń tù ẹ́ níbí?" Arábìnrin Olútóyìn béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ó ń tó wa, mà."

Sàúdátù ò gbójú sókè. Abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n jókòó sí, lẹ́yìn ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Ìgándò, lọ́dún 1992. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Sàúdátù. Yunifásítì ni arábìnrin náà ti wá. Ó ń ṣèwádìí nípa àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí, tí ìjọba ń tọ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà láàrin wọn.

Sàúdátù ò purọ́. Oúnjẹ ń tó wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, Julius, tó dàgbà jù nínú wọn, ti fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ohun yòówù tó bá bi ẹ́, ṣá sọ pé kò síṣòro. Ẹni tó bá ráhùn, ibi tí a ò mọ̀ ni wọ́n á gbé e lọ. Àbí o ò rántí Sùrájù?"

Báwo ni yóò ṣe gbàgbé? Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni.

"Ká ní wọ́n máa ń bi ẹ́ kí wọ́n tó ṣe nǹkan nípa rẹ," arábìnrin náà tún sọ, "kí ni ò bá sọ?"

Adìyẹ kan ń tanlẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Arábìnrin Olútóyìn ò kán an lójú, ó kàn ń dúró dè é.

"Ǹ bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n dágbére fún àbúrò mi."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn nìyẹn. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìyá wọn kú, tí wọ́n sì kó àwọn méjèèjì wá sí ilé náà. Lọ́jọ́ kan, Sàúdátù lọ fọṣọ nídìí kànga. Kó tó dé, ọkọ̀ àwọn ará wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọmọ, ti gbé Sùrájù lọ sọ́dọ̀ tọkọtaya kan tí wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń gbé fún un. Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó máa rò pé mo mọ̀ sí i," ló wí, omijé sì dà.

Arábìnrin Olútóyìn pa ẹ̀rọ náà. "Mi ò ní tàn ẹ́, Sàúdátù. Mi ò lágbára láti mú un padà. Ọ̀rọ̀ tó o sọ yìí ò sì ní jáde lẹ́nu mi tí o kò bá fẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá gbà, màá bá Màmá Ọdẹ́tọ́lá, olórí ilé yìí, sọ ọ́."

Sàúdátù rántí ìkìlọ̀ Julius. Síbẹ̀, ó gbójú sókè. "Ẹ bá wọn sọ ọ́, mà."

Nígbà tí Julius gbọ́, ó bínú. "O ti kó bá gbogbo wa!" Níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, kò sẹ́ni tó dá Sàúdátù lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Màmá Ọdẹ́tọ́lá pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má lé mi."

"Ta ló fẹ́ lé ẹ?" Màmá fà á mọ́ra. "O ò sunkún nígbà yẹn, mo wá rò pé kò dùn ẹ́. Èmi ló yẹ kí n béèrè. Má bínú, ọmọ mi."

Àgbà ń bẹ ọmọdé! Ẹkún tí Sàúdátù ti ń gbé mì látọjọ́ yìí bú jáde.

Ní Sátidé, Màmá mú un lọ sí Dọ̀pẹ̀mú, níbi tí Sùrájù ń gbé. Sùrájù ti ga. Ẹ̀yìn Ìyáàfin Àjíṣafẹ́, tó gbà á tọ́, ló sá sí.

"Àǹtí Sàúdá, ẹ ò wá wò mí."

"Wọn ò sọ ibi tó o wà fún mi, Sùrá. Kò sọ́jọ́ tí mi ò rántí ẹ."

Ọmọ náà wò ó títí. Nígbà tó pẹ́, ó wá jókòó tì í, ó gbórí lé e léjìká.

"Ṣé ẹ máa tún wá?"

Sàúdátù wo ojú Màmá.

"Lóṣooṣù," Màmá dáhùn. "Ìwọ náà á sì máa wá kí i."

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìgándò, Julius ń dúró lẹ́nu géètì.

"Wọn ò lé ẹ lóòótọ́?"

"Wọn ò lé mi."

Ó ń fẹsẹ̀ walẹ̀. "Arábìnrin yẹn, ìgbà wo ló tún ń bọ̀? Mo lọ́rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ."

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn là ń sọ tinú ẹni fún. Ṣùgbọ́n tí ìbànújẹ́ bá wọni lára, ẹ jẹ́ ká wá àgbà tó ṣeé fọkàn tán, ká sọ ọ́ fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.