Ọmọ́tárá Jáde sí Oòrùn

Ọmọ́tárá ń bá bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ wọ̀yá ìjà. Àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wú láti ìdájí, wọ́n sì le bí igi gbígbẹ. Ó gbá bọ́tìnnì kan mú, ó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gbá a mú.

"Jẹ́ kí n bá ẹ dè é," màmá rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmi. Mo máa dè é."

Ó dè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀ kó tó parí. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni màmá rẹ̀ nílùú Igbó-Ọrà. Ó kàn fa kọ́tìnì yàrá náà dé, ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe láti ìgbà tí àìsàn yìí ti wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ẹ̀rù ẹnu ayé ń bà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí orúnkún rẹ̀ wú, tó ń tiro bí arúgbó, kí ni àwọn aládùúgbò máa wí bí kò ṣe pé wọ́n fi nǹkan ṣe é? Nítorí náà, aṣọ alápá gígùn ni Ọmọ́tárá ń wọ̀ ṣáá. Bí ọ̀kadà bá ti gbé e délé láti ilé-ìwé, inú yàrá ló ń gbà lọ, ó di ọjọ́ kejì.

Dókítà Adéníran, tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, ti ṣàlàyé àìsàn náà fún wọn. "Làkúrègbé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ọjọ́ ogbó ń fà. Àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ tó yẹ kó máa gbèjà rẹ ló ṣìnà, tí wọ́n ń bá oríkèé ara rẹ jà. Ó ń mú àgbà, ó ń mú ọmọdé."

Ó fún un ní oògùn kan tí yóò máa lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ, ó ti rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Fítámì D inú ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ sílẹ̀ púpọ̀," ó wí. "A sábà máa ń rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ní irú làkúrègbé yìí. Ṣé oòrùn máa ń kàn ẹ́ lára?"

Ọmọ́tárá wo màmá rẹ̀. Màmá rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Oòrùn ni ara fi ń ṣe fítámì yẹn. Máa jáde. Máa jẹ ẹja àti ẹyin. Màá fún ẹ ní hóró kan tí wàá máa lò kún un. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: egungun àti iṣan rẹ ló ń ràn lọ́wọ́. Kò lè gba ipò oògùn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rẹ."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde. Oògùn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ti sú Ọmọ́tárá, nítorí pé inú rẹ̀ máa ń rú lẹ́yìn tó bá ti lò ó. Ìgbà yẹn gan-an ni Aliyyah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì SS2, gbé fóònù wá bá a.

"Gbọ́ ohùn obìnrin tó ní irú làkúrègbé rẹ yìí lórí Wáásáàpù. Ó ní òun da gbogbo oògùn dókítà nù, fítámì D nìkan lòun ń lò, òun sì ń lò ó lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó ní òun ti ń sáré báyìí."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Kí lo máa pàdánù tó o bá dán an wò?"

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe Ọmọ́tárá ní olórí kunkun. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan kan tí òun lè kọ̀. Ó da oògùn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú ṣáláńgá, ó sì ń da hóró fítámì sẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Kò sọ fún màmá rẹ̀.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tí ìdánwò tí wọ́n fi ń bọ́ sí SS3 kù dẹ̀dẹ̀, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè gbé apá sókè. Orúnkún rẹ̀ gbóná bí ààrò. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, èébì kò sì jẹ́ kí omi tó mu dúró. Gbígbé ni wọ́n gbé e dé Ìbàdàn. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ìdánwò tán.

Nígbà tí Ọmọ́tárá jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, dókítà kò jágbe mọ́ ọn. "Fítámì tó pọ̀ jù ló ń fa èébì àti òùngbẹ yìí. Oògùn tó o pa tì ló jẹ́ kí oríkèé rẹ gbiná. Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Orúkọ Aliyyah wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì. "Èmi fúnra mi ni, sà. Ó ti sú mi kí gbogbo nǹkan máa pàṣẹ fún mi."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Agídí rẹ kò burú. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń gbèjà rẹ lò ń bá jà, o wá fi ọ̀tá sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń rò bọ̀ nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi kọjá Èrúwà. Nígbà tí wọ́n délé, màmá rẹ̀ tún na ọwọ́ sí kọ́tìnì.

"O ò ní lọ sílé-ìwé mọ́ ná," ìyá wí. "Jókòó sílé títí ara á fi yá pátápátá. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ti pọ̀ jù."

Ọmọ́tárá di kọ́tìnì náà mú. "Màmi, màá lo oògùn mi bí dókítà ṣe wí. Mi ò tún ní dà á nù mọ́. Àmọ́ mi ò ní sá pamọ́ mọ́. Mi ò jalè."

"Wọ́n á máa wò ẹ́."

"Kí wọ́n máa wò mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ tí kò lápá, ó wọ́ àga lọ síwájú ilé, ó sì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wíwú méjèèjì lé itan nínú oòrùn. Hàlímọ̀, ìyá ìbejì ilé kejì, ń kọjá lọ. Ó dúró, ó lanu.

"Ọmọ́tárá, ta ló ṣe ẹ́ báyìí?"

Màmá rẹ̀ gbọ́, ó sáré yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọmọ ti dáhùn.

"Ẹnikẹ́ni ò ṣe mí, mà. Làkúrègbé ni. Kì í ràn. Mo ń lo oògùn, mo sì ń yá oòrùn."

"Ọmọdé náà máa ń ní làkúrègbé ni?"

"Ó ń mú wa, mà."

Hàlímọ̀ mi orí, ó ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ilé kò wó. Màmá Ọmọ́tárá dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì ní títì. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó gbé àga tirẹ̀ jáde, ó wá jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan fi hàn pé fítámì D rẹ̀ ti wà ní ìwọ̀n tó yẹ. Àìsàn náà kò lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń le láàárọ̀, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ìdánwò tó fò kò dúró dè é. Aliyyah bọ́ sí SS3, Ọmọ́tárá tún SS2 kà láàárín àwọn àbúrò. Ó dùn ún wọra, ó sì sunkún, àmọ́ ó lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń tiro wọ kíláàsì. Malachi tó jókòó níwájú kígbe pé, "Ẹ kú àbọ̀, Ìyá Àgbà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ́tárá rìn tààrà lọ bá a. "O mọ̀ pé àgbà ni mí? Ó dáa. Dìde kí n jókòó."

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n Malachi ni wọ́n fi ń rín lọ́tẹ̀ yìí. Ó yí ojú, ó dìde. Ọmọ́tárá jókòó, ó mú báírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Àìsàn kì í ṣe ìwà ibi tí à ń fi aṣọ bò. Ẹni tó bá sì ní agídí, kó má fi bá oògùn tó ń gbà á là jà. Ìtìjú ni kó kọjú agídí náà sí.