Ayọ́ọ̀nù Inú Báàgì

Okùn ayọ́ọ̀nù ń wọ́ tẹ̀lé arábìnrin náà lójú títì bí ìrù, òun kò sì mọ̀. Báàgì dúdú tó rẹwà ni ó gbé kọ́ èjìká. Aṣọ ọrùn rẹ̀ gún régé, bí ó ti yẹ kí aṣọ télọ̀ gún. Àfi okùn yẹn nìkan, tí ó yọ lẹ́nu báàgì, tí ó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dákun," ohùn kan pè é láti ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ kékeré kan, "ìrù yín ti ń kan ẹrẹ̀."

Ó yíjú. Ọkùnrin kan ni, tí ó ń ha eyín kọ́kọ́rọ́ tuntun, tí ó sì há ẹ̀rín mọ́ ẹnu nítorí ọ̀wọ̀.

Ojú ti télọ̀ náà débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, yóò wọlé. Ó purọ́, ó ní, "Mò ń gbé e lọ tún ṣe ni."

"Ẹ gbé e wá kí n wò ó. Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń ṣe, àmọ́ irin kò yàtọ̀ sí irin." Ó ki okùn rẹ̀ bọ iná, ó fọwọ́ kàn án, ó sì yára fa ọwọ́ padà. "Kò sóhun tó ṣe é o. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ!"

Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ó ti rẹ́rìn-ín lójú títì gbẹ̀yìn.

Òótọ́ ni, kò sóhun tó ṣe ayọ́ọ̀nù náà. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ó bá ti pa á, tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó sì ń lọ, èrò kan yóò sọ sí i lọ́kàn pé: ṣé o pa á lóòótọ́? Bí ilé bá jó ńkọ́? Bí ọmọ aládùúgbò bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Yóò padà lọ wò ó. Kò ní tíì dé igun òpópónà tí èrò náà yóò tún dé. Nígbà tí ó yá, ó rí ọgbọ́n kan dá: ayọ́ọ̀nù tí ó wà nínú báàgì ẹni kò lè máa jó nílé.

Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. "Ọmọ mi, pa á mọ́ra. Ta ni yóò fẹ́ ẹni tó ń gbé ayọ́ọ̀nù káàkiri bí ẹni gbọ́mọ pọ̀n?"

Ó pa á mọ́ra lóòótọ́, kódà nígbà tí oníkọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín lọ sílé nírọ̀lẹ́, tí ó sì sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ," ni télọ̀ fi dá a lóhùn. "Adìẹ ni mí," ni ọkùnrin náà wí, "ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbé e mì."

Bí télọ̀ náà bá ti àgádágodo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tán, yóò béèrè pé, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó tì?"

"Ó tì, Abẹ́rẹ́ mi. Ẹni tó mọ àgádágodo ló wí bẹ́ẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ títí dé igun òpópónà. Yóò tún béèrè, ọkùnrin náà yóò tún dáhùn. Ìfẹ́ ni oníkọ́kọ́rọ́ pe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ń pọ̀ sí i, títí ó fi ń dáhùn lórí fóònù nígbà tí oníbàárà dúró lórí ìdúró.

Ọjọ́ tí oníkọ́kọ́rọ́ mú un lọ kí ìyá tó bí òun ni àṣírí tú. Bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń kúnlẹ̀, báàgì já bọ́ léjìká rẹ̀, ayọ́ọ̀nù sì yí jáde sórí ilẹ̀ pálọ̀ gbàngbà.

"Ìyàwó mi," ni ìyá náà wí, "ṣé aṣọ wa rún tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Àwàdà ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà kó ayọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì jáde láìdágbére.

Ó kọ̀, kò gbé fóònù mọ́. Nígbà tí oníkọ́kọ́rọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, obìnrin náà sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè. "Má wọlé. O ti rí ohun tí mo jẹ́. Lọ wá ẹni tí orí rẹ̀ pé."

"Ìyá mi ló rán mi. Ó ní ẹnu òun ló ṣẹ̀, kí o máà bínú. Ó ní ìyá tó bí òun náà máa ń fọ ọwọ́ títí awọ yóò fi bó. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó mú un lọ sílé ìwòsàn títí ó fi kú. Ó ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwọ."

Télọ̀ náà gbà, wọ́n sì jọ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ìwà. Pé èrò tí a kò pè ni ó ń mú ìbẹ̀rù wá, tí ìbẹ̀rù náà sì ń ti ènìyàn láti ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe. Ó ní ìtọ́jú wà. Èkíní ni kí ènìyàn máa kojú ohun tí ó ń bẹ̀rù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, kí ó má sì padà lọ wò ó, títí ìbẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì ni oògùn oníhóró, tí ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó rí iṣẹ́ rẹ̀, tí a kò sì gbọdọ̀ dá dúró láìsọ fún dókítà. Ẹlòmíràn ń lo ọ̀kan, ẹlòmíràn ń lo méjèèjì. "Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí ìtura gidi."

Ó wá kọjú sí ọkùnrin náà. "Bí ó bá béèrè bóyá ó tì, ẹ máa ń dá a lóhùn?"

"Nígbà gbogbo, mà." Ó fi ìyangàn sọ ọ́.

"Ìdáhùn yín gan-an ni oúnjẹ àìsàn náà."

Orí oníkọ́kọ́rọ́ wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni télọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ìtìjú lè kan ẹlòmíràn yàtọ̀ sí òun. Ó fọwọ́ bo ọwọ́ ọkùnrin náà lórí àga. Ó yan méjèèjì, oògùn àti ìkojú. Wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà yóò máa fi dá a lóhùn.

Ó ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. "Ṣé ó tì?"

"Mo wà níbí, Abẹ́rẹ́."

"Àní ṣé ó tì!"

"Mo wà níbí."

"Ìkà ni ọ́!"

"Mo mọ̀. Mo wà níbí."

Ó sunkún lójú títì, àwọn tó ń kọjá sì ń wò ó. Ìtìjú bò ó bí aṣọ òjò. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró títí ìbẹ̀rù náà fi rọlẹ̀, láìpadà lọ wò ó. Ní ọjọ́ mìíràn, ó padà lọ wò ó, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ayọ́ọ̀nù ni ó kẹ́yìn. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, báàgì rẹ̀ fúyẹ́ débi pé kò mọ bí yóò ṣe gbé e.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni oníkọ́kọ́rọ́ mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde lápò, tuntun, tí eyín rẹ̀ ṣì ń dán.

"Ti ilé mi ni. Mo fẹ́ kó di ilé wa. Abẹ́rẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ."

Ọkùnrin náà wò ó lójú, òógùn bò ó níwájú orí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Télọ̀ náà gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Mo wà níbí," ni ó wí.

Wọ́n jọ ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé igun òpópónà, ọrùn télọ̀ náà fẹ́ yí padà sẹ́yìn. Ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, wọ́n sì kọjá.